Ẹ Wo Ohun tí Díákónì Ń Fi Iná Ṣe Lóru

Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn o. Gbogbo àdúgbò wa ní Àkóbọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá jí lóru láti lọ tọ̀, tó wá gba ojú fèrèsé rí wáyà tó gba inú lúfà pálọ̀ díákónì aládùúgbò wa jáde, tó gun orí òdòdó tí ìyàwó rẹ̀ gbìn, tó sì wọ́ lọ sídìí mọ́tò, ṣé kí onítọ̀hún dijú ni?

Mọ́tò oníná ni. Funfun, ó ń dán, kò pariwo, kò rú èéfín. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ epo, ta ni irú rẹ̀ kò wù? A bá wọn yọ̀ nígbà tí wọ́n rà á. Mo jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù wọn, ẹran méjì ni wọ́n fi lé e fún mi, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìlara ló ń ṣe mí. Ohun tí mo ń wò ni pé ẹni tó rówó ra mọ́tò ni kò rówó ra wáyà!

Ẹkitẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n fi ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá fà síta. Kò tiẹ̀ tú u tán. Ìdajì rẹ̀ ṣì wé mọ́ra, bẹ́ẹ̀ wáyà tó bá wé mọ́ra kì í ríbi gbé ooru ara rẹ̀ sí. Áyọ́ọ̀nù ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, wọ́n á ti yọ ọ́. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi. Mọ́tò kì í sinmi ní tiẹ̀. Áńpù 10 ló ń fà láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí, láìmí. Ìyá Ìbejì tó ń dirí fún ìyàwó ilé náà (mo ní kó má sọ fún mi, ó sọ ọ́) ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki ẹkitẹ́ńṣọ̀n náà bọ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ó sì ti ń rùn. Kí ni díákónì ṣe? Ó ní kí wọ́n gbé àga dí i kí àlejò má baà rí i.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bátìrì mọ́tò náà ń gba yúníìtì 60. Áńpù 10 lórí fólítì 230, kílówáàtì 2.3 péré ni. Bó bá gbẹ pátápátá, ó ju wákàtí 26 lọ kó tó kún, ìyẹn bí iná ò bá lọ, tí kò sì rẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì sọ yúníìtì kan di ₦225 fún àwọn oníbàárà iná tó wà ní ìpele Band A ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó tí bátìrì náà fi ń kún lẹ́ẹ̀kan di ₦13,500. Wọ́n ní bàbá kígbe. Wọ́n tún ní láti ìgbà náà ni mítà ilé wọn kò ti fi bẹ́ẹ̀ ka nǹkan mọ́ lóru. Báípáàsì! Ẹni tó ń gba ọrẹ! Èmi ò débẹ̀ o, ohun tí wọ́n sọ ni mo ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ bí, torí ìyẹn kọ́ ló burú jù. Àpótí kékeré kan wà lára okùn ṣáàjì mọ́tò náà, tó ní iná tíńtìntín lójú. Kó tó jẹ́ kí iná wọ mọ́tò, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé náà ní ẹ́ẹ̀tìn, ìyẹn irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí iná tó bá jò yóò gbà wọlẹ̀ dípò kó gba ara èèyàn. Ilé díákónì kò ní. Lálẹ́ àkọ́kọ́, iná pupa ló tàn, àpótí kọ̀ jálẹ̀.

Oníṣẹ́ iná tí wọ́n kọ́kọ́ pè, ọmọlúàbí ni. Ó ní kí wọ́n ri irin mọ́lẹ̀, kí wọ́n fa wáyà 6 mm² láti ìdí bọ́ọ̀dù fún mọ́tò nìkan, kí ó ní bíréékà tirẹ̀, irú èyí tó ń já bí mílíáńpù 30 péré bá jò. Ó ní bí wọ́n bá wá kan àpótí áńpù 32 mọ́ ògiri, kílówáàtì 7 ni yóò máa fún wọn, mọ́tò á kún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó dárúkọ owó. Díákónì ní ìkà èèyàn ni.

Ó lọ mú òmíràn wá láti ìkóríta. Èyí kò gbẹ́ ilẹ̀ kankan. Ó tú púlọ́ọ̀gù, ó fi wáyà pénpé so nútírà pọ̀ mọ́ ẹ́ẹ̀tìn, ó dé e padà. Iná àwọ̀ ewé tàn! Bàbá jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ajá ń gbó olè, o fokùn dì í lẹ́nu, o wá ń dúpẹ́ pé ilé dákẹ́. Nútírà ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Ọjọ́ tó bá já níbì kan, tàbí tí wọ́n fi láìfù, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná bọ̀, sí àyè rẹ̀, gbogbo páànù mọ́tò yẹn ti di wáyà nìyẹn.

Ó kúkú ti ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń bá wọn fọ mọ́tò na àkísà tútù sí i lára nígbà tó ń gba ṣáàjì, iná gbá a sẹ́yìn, ó fìdí jókòó sínú omi ọṣẹ. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọmọ ọlọ́mọ! Ẹ sì mọ ohun tí díákónì sọ? Ó ní kí ló dé tí ọmọ náà ò wọ bàtà?

Wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́. Àgbò gidi ni wọ́n fà wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé ọ̀tá ò rí wọn gbé ṣe. Mo ti béèrè iye irin àti bíréékà lọ́jà. Owó àgbò yẹn ì bá rà wọ́n, ṣẹ́ńjì á sì kù.

Ẹkitẹ́ńṣọ̀n ṣì wà lórí òdòdó. Alága àwọn onílé wa náà ti wá sanwó mọ́tò oníná tiẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń béèrè lọ́wọ́ ìyàwó díákónì ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí nípa oníṣẹ́ iná tí kì í náni lówó yẹn. Ìyàwó díákónì fún un ní nọ́ńbà. Ojú mi ló ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ògiri ilé alága àti tèmi ló sì fara kanra.