Ìwé Òkété Kò Sọnù

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, Òkété oníṣòwò àti Ọ̀nì inú ọ̀sà.

Kì í ṣe ìgbà tí ojú wà lórúnkún ni mo ń sọ o. Ọjà ìpín ìdókòòwò tí wọ́n ń pè ní BRVM ti ṣí ní Plateau, ní Abidjan, láti ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1998. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló jọ ni ín. Ìjàpá wò ó títí, ó ní, “Ibi tí wọ́n ti ń ta bébà gbowó, ibẹ̀ gan-an ni ilé mi.”

Ó dá ilé-iṣẹ́ àtìẹ́kẹ́ sílẹ̀. Ó pín in sí ìpín 1,000, ẹyọ kan 1,000 sẹ́fà. Ó fi 600 sápò ara rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ gbákà lọ sí ọjà Adjamé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìsọ̀ aṣọ Òkété, ọmọ Èjìgbò.

“Ẹ kú ọjà o, màmá. Ẹ ra ìpín lọ́wọ́ mi, kí ẹ̀yin náà di onílé-iṣẹ́.”

“Ìjàpá, ṣé ẹ̀rọ rẹ ń rin gbágùúdá?”

“Ó ń rin ín, màmá. Ó kàn ń sinmi díẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni.”

Òkété tú etí ìró, ó ka bébà 10,000 sẹ́fà mẹ́wàá. Ọ̀kan ti ya, ó ti fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́. Ìjàpá fún un ní ìwé ìpín 100. Ó wé e mọ́ inú náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ tó rà ní Èjìgbò, ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ilé-iṣẹ́ di tirẹ̀.

Ẹ̀rọ kò sinmi tán. Gbágùúdá ń jẹrà, owó oṣù Alága Ìjàpá kò dín. Nígbà tí àpò gbẹ, Ìjàpá gba etí ọ̀sà Ébrié lọ. Ọ̀nì yá a ní 900,000 sẹ́fà, ó ní, “Bí o kò bá rí i san, n ó gba ìpín dípò, ní iye tí ọjà bá ń ná an lọ́jọ́ náà.”

Kí ilé-iṣẹ́ tó lè tẹ ìpín tuntun, òfin ní kí wọ́n pe àwọn onípìn-ín sípàdé. Ìjàpá pè wọ́n: èdè Faransé ló fi kọ ìwé ìpè, ọ̀sẹ̀ tí àwọn ará Èjìgbò wọkọ̀ lọ sọdún Ògìyán nílé ló sì fi ìpàdé sí. Òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀, òfin OHADA, ní ẹni tó ní ìpín tẹ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti ra tuntun. Òfin yìí kan náà ní ìpàdé lè wọ́gi lé ẹ̀tọ́ náà, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò tí wọ́n dì bá gbà á. Ìjàpá nìkan ló wà níjokòó. Ó dìbò, ó ka ìbò, ó kí ara rẹ̀ kú oríire.

Ọ̀nì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ọjà, ó ń mirí: “Ó mà ṣe o, ẹ̀rọ Ìjàpá ti dípẹtà.” Ìpín 1,000 sẹ́fà di 500, 500 di 100. Ọjọ́ gbèsè pé. Ìpín tuntun 9,000 bọ́ sẹ́nu Ọ̀nì.

Òkété ti ilé dé, ó gbọ́, ó sáré ká ìrọ̀rí. Ó ka ìwé rẹ̀: 100, ó pé pérépéré. Ìjàpá bi í pé, “Màmá, ta ló wá jí tiyín?” Òkété bú sórin:

Lílé: Mo ra ọgọ́rùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún
Ègbè: Wẹ́lẹ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́
Lílé: Ẹgbẹ̀rún bímọ, ó di ẹgbàárùn-ún
Ègbè: Wẹ́lẹ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́
Lílé: Ìwé mi pé, ìpín mi ń kọ́?
Ègbè: Wẹ́lẹ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́
Lílé: Ìjàpá tẹ̀wé, Ọ̀nì gbé e mì
Ègbè: Wẹ́lẹ́, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́

Ìdá kan nínú mẹ́wàá ti di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí Òkété bá ta gbogbo rẹ̀ lónìí, iye bébà tó fi sẹlotéèpù lẹ̀ yẹn nìkan ni yóò padà sí i lọ́wọ́. Ti Ìjàpá náà kéré sí i, ṣùgbọ́n owó oṣù Alága ṣì ń wọlé.

Ẹ̀yin agbègbè, gbèsè tó ń di ìpín kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́ nìkan. ETI, ìyá Ecobank tó fìdí kalẹ̀ sí Lomé, wà ní BRVM láti ọdún 2006. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyọ ìpín rẹ̀ kò tó 30 sẹ́fà. Ní 2011, Nedbank ti Gúúsù Áfíríkà yá a ní mílíọ̀nù 285 dọ́là. Ní 2014, ó sọ gbèsè náà di ìpín, ó fowó kún un, ìdá kan nínú márùn-ún di tirẹ̀. Kò sí Ìjàpá níbẹ̀, àdéhùn gbangba ni, báńkì náà sì wà láàyè dòní. Síbẹ̀, ìdá tí àwọn tó wà ńlẹ̀ ní dín kù. Ọ̀nì gan-an kò yó: ohun tó ná Nedbank bíi mílíọ̀nù 493 dọ́là, ní 2025 ó kéde pé òun ń tà á ní mílíọ̀nù 100.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Kí ẹ tó ra ìpín olówó pọ́ọ́kú, ẹ bèèrè iye ìpín tó wà lápapọ̀, ẹ bèèrè ẹni tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè àti ohun tó lè gbà dípò owó. Ẹni tí kò bá sì ní lè dé ìpàdé, kó yan ẹni tó gbọ́ Faransé láti dìbò fún un, kó tó wọkọ̀ ọdún.