Sí Màmíwọ́tà, tí kò san owó ibodè ní Àpápá

Màmá wa olómi,

Ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi yín: ọdún wo lẹ gba Àpápá wọlé, aṣọ́bodè wo ló sì tú ẹrù yín wò? Ní Ajégúnlẹ̀, Ìlàjẹ, Úróbò, Ìgbò, kálukú ló ní ẹni tirẹ̀ tó lóun ti rí yín rí. Obìnrin tó bá ti lẹ́wà, tó lówó, tí kò sì lọ́kọ, orúkọ yín ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ àwòrán yín tó gbajúmọ̀ jù lójúbọ, mo mọ ibi tó ti wá.

Hamburg ni, ní Jámánì! Láàárín ọdún 1880 sí 1890 ni ilé ìtẹ̀wé Friedländer tẹ̀ ẹ́, láti fi polówó obìnrin kan tó ń fi ejò dárà fún òǹwòran. Irun rẹ̀ kún dẹ́dẹ́, ejò lọ́wọ́, ejò lára. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ọmọ kan kúnlẹ̀, ó ń fun fèrè fún ejò mẹ́rin. Àwòrán náà ò sì dé ẹsẹ̀. Ìrù ẹja tí gbogbo ayé ń pariwo, ẹ fi hàn mí níbẹ̀ ná.

Nígbà tó fi di 1901, ayafọ́tò kan, J. A. Green, ti ya fọ́tò ère yín tí wọ́n ń gbé sórí jó ní Bonny. Ní 1955, oníṣòwò kan ní Kumasi ní kí ilé ìtẹ̀wé Shree Ram Calendar ní Bombay tún àwòrán Hamburg yẹn tẹ̀: ẹ̀dà 12,000! Èwo nínú wọn ni ẹ̀yin gan-an?

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni òrìṣà tí wọ́n lọ wá àwòrán rẹ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè o. Ní 1888, àwọn òyìnbó kan ní London dá ẹgbẹ́ awo Golden Dawn sílẹ̀, wọ́n fi orúkọ Isis, òrìṣà Íjíbítì, sọ ilé awo wọn. Moina Mathers, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, tó kọ́ṣẹ́ àwòrán ní ilé ẹ̀kọ́ Slade, ló ń ya àwọn òrìṣà Fáráò fún ètùtù wọn. Inú ìwé ni wọ́n ti lọ wá òrìṣà tiwọn. Àwọn tiwa ti mọ ẹni tó ń gbé inú omi kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó gbé bébà dé. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lásán lẹ lọ yà ní Hamburg. Tiwa ló wù mí jù.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Bí òjò bá tún dé, tí gọ́tà Ajégúnlẹ̀ kún, tí omi wọlé, ẹ dákun, ẹ dúró sọ́nà ọ̀sà lọ́hùn-ún. Yàrá wa ò gba àlejò tó ń kó ejò rìn.

Èmi ni tiyín, tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀.