Ta ló wa dáńfó gba iwájú orí ìyá aláta? Lẹ́tà ṣíṣí sí àbúrò mi oníkámẹ́rà

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí kámẹ́rà tó ń rọ̀ lọ́rùn rẹ. Màmá rẹ ní kí n pè ọ́ sí kọ̀rọ̀ bá ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ tó ń ya ọmọ ọlọ́mọ ní gbangba, gbangba náà ni màá ti bá ọ wí.

Wọ́n ní kí ilẹ̀ tó mọ́, o ti dé ọjà Mile 12 l'Ékòó, nídìí àwọn tírélà tó ń já tòmátì láti òkè Ọya. O wọ jákẹ́ẹ̀tì alápò rẹpẹtẹ, gbogbo àpò ọ̀hún ló sì ṣófo. Alábàárù ń pariwo pé kí ẹ yàgò, ìwọ dúró sáàárín ọ̀nà, o ń yí lẹ́ńsì, o ń wá ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nílẹ̀, ìwọ ni yóò wá rí? Mo tún gbọ́ pé àgbèrò kan bi ọ́ bóyá ìjọba ló rán ọ tàbí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, o ní iṣẹ́ ọnà ni. Ó ní kò burú, kí o san owó iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní o san án. Ọkàn mi balẹ̀ pé ẹnì kan ti ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí.

Fíìmù ni mo gbọ́ pé o ń lò. Èmi kò bá fíìmù jà o. Nígbà tí a ń lo fíìmù nítorí pé kò sí nǹkan mìíràn, ìwọ kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Fírémù mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ká ìkómọ, ọjọ́ ìbí àti ọdún Iléyá. Ẹni tó bá ṣẹ́jú ti jẹ gbogbo ilé níyà. Bí onífọ́tò bá wá yọjú láìmú àpòòwé fọ́tò lọ́wọ́, tó rọra ní, “Ẹ má bínú, fíìmù yẹn ló jó,” ọ̀rọ̀ ti di ti àgbààgbà nìyẹn. Lónìí, fíìmù tìrẹ jó, o gbé e síta, o ní ìwádìí lo ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a dórí fọ́tò tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá aláta kan jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa tàtàṣé: èyí tó le lọ́tọ̀, èyí tó ti rọ̀ tó ń ṣomi lọ́tọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ hàn dáadáa, kódà mo rí kóró ata tó lẹ̀ mọ́ èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Ibi tó yẹ kí o dúró sí rèé. Rárá o. O di fíìmù mú lójú kan, o rìn dé abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu, o ya dáńfó lé ìyá oníyàá lórí. Ìlà dúdú ara mọ́tò gba àárín gèlè rẹ̀ kọjá, kọ̀ńdọ́ ń rọ̀ létí òsì rẹ̀, apá òkè fọ́tò sì funfun báláú, kò sí ẹyẹ, kò sí ilé. Nígbà tí o fi hàn án lórí fóònù, ó wò ó títí, ó ní, “Ta ló wa mọ́tò gba iwájú orí mi?” O rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. N kò ní purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo yà á.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ojú ọ̀run yẹn fún ọ, nítorí mo gbọ́ pé o ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ó dúró fún ìgbàgbé. Kò dúró fún nǹkan kan. Fíìmù kì í gbàgbé ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kún lẹ́ẹ̀kíní, kò sí àyè fún àlejò lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tó ṣókùnkùn ni àwòrán kejì ti ń rí ìjókòó. O ya ojú ọ̀run ọ̀sán gangan lókè Ìkòròdú Road, o wá ń retí kí nǹkan mìíràn hàn níbẹ̀. Gèlè dúdú ìyá wa ló gba dáńfó lálejò, kì í ṣe ọgbọ́n rẹ. Bí o bá fẹ́ yà lẹ́ẹ̀mejì sórí fírémù kan, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni kí o fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí fíìmù bá jẹ́ 400, sọ fún kámẹ́rà pé 800 ni. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó kẹ̀yìn sí oòrùn tí ara rẹ̀ dúdú kirikiri, kí o fi àwòrán kejì kún inú ara rẹ̀. Ìyẹn ni à ń pè ní ètò.

Wọ́n tún ní kámẹ́rà rẹ kò ní ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń yà lẹ́ẹ̀mejì, irú èyí tó wà lára Nikon FM2. Ìwọ ń tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń ká fíìmù padà, o fi ìka di kọ́bù òkè mú kí fíìmù má baà rìn, o wá fa ọwọ́ kámẹ́rà. Ó dáa, ọ̀nà àtijọ́ ni, kò sì burú. Ṣùgbọ́n fíìmù a máa yọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fara balẹ̀, ohun tó yẹ kó bára mu á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Títí wọ́n fi fọ fíìmù yẹn tán, o kò mọ̀ pé ó yọ̀. Ìgbà tí o rí i ni o sọ ọ́ ní orúkọ, tí o ní bí o ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn.

Gbogbo èyí, mo lè fi ṣe ẹ̀rín. Ohun tó mú mi mú bírò ni ọ̀rọ̀ tí o sọ níbi ìsọmọlórúkọ, pé àwọn ará New York àti Tokyo ló kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò méjì pọ̀, pé àwọn onífọ́tò ilé wa kò mọ̀ ju kí ènìyàn jókòó gbọnrangandan, kó fi ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Jókòó. Ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Stephen Sprague, ayàwòrán ni òun náà. Ó wá sílẹ̀ Yorùbá, ó dé Ìlá-Ọ̀ràngún, ó wọ ilé iṣẹ́ àwọn onífọ́tò, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìjẹ́ pé wọ́n ti ya òun àti èkejì rẹ̀ pọ̀, àwọn òbí á gbé èyí tó kù lọ bá onífọ́tò. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì, onífọ́tò á ya ẹyọ ọmọ yẹn, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, ọmọ á sì jókòó ti ara rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún un, wọ́n á yà á. Wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á. Wọ́n á wá pa méjèèjì pọ̀. Onífọ́tò á sapá kí ojú ìsopọ̀ má hàn. Nílé àwọn mìíràn, fọ́tò yẹn ló wá ń ṣe iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti lanu, o fẹ́ sọ pé orí pépà ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe inú kámẹ́rà. Pa ẹnu dé. Kámẹ́rà àti yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, ọmọ ìyá kan ni wọ́n.

Bí o bá sì fẹ́ ti òkè òkun, màá fún ọ ní ti òkè òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1860 sókè, William Mumler ń ya fọ́tò ní Boston, òkú a sì máa hàn bààbàà lẹ́yìn alààyè tó wá yàwòrán. Ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, títí wọ́n fi gbé e lọ sílé ẹjọ́ ní New York ní 1869. Wọ́n dá a sílẹ̀, opó Ààrẹ Lincoln pàápàá sì lọ jókòó níwájú kámẹ́rà rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Onífọ́tò Ìlá kò ta irú ọgbọ́n yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tó pọn ọmọ wá mọ̀ pé ẹyọ kan ló kù. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n bá òun ṣe é kó pé méjì.

Ìbéèrè mi kò wá le: kí ni dáńfó ń wá lórí ìyá aláta? Táyé àti Kẹ́hìndé ní ìdí tí wọ́n fi jọ wà nínú fọ́tò. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò tó ń gbé ata rẹ̀ ni, màá gbà fún ọ. Wàá ní rúkèrúdò Èkó lo fẹ́ fi hàn. Èkó tó rúkèrúdò fúnra rẹ̀ láti àárọ̀ kò bẹ̀ ọ́ níṣẹ́. Ẹni tó bá dúró ní ìdíkọ̀ Kétu lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ ń rí fọ́tò mẹ́wàá lórí ara wọn láìní kámẹ́rà.

O sì ń wá ọ̀gá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Kétu níbí ni J.D. 'Okhai Ojeikere gbé, tó ti ṣiṣẹ́. Ọmọ Emai ni, wọ́n bí i ní 1930. Kámẹ́rà Brownie ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, ó sì ṣiṣẹ́ yàrá òkùnkùn fún ìjọba n'Ìbàdàn kó tó bọ́ sí Èkó. Láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin, ṣùkú, onílé gogoro, èyí tí wọ́n fi òwú dì àti èyí tí wọ́n fi ọwọ́ dì, títí ó fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún fọ́tò. Wọ́n gbé e lọ sí Paris ní 2000, wọ́n gbé e lọ sí Venice ní 2013. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ojeikere dolóògbé. Lọ wo iṣẹ́ rẹ̀: ẹ̀yìn orí ló sábà ń kọjú sí wa, ó kó gbogbo ariwo kúrò lẹ́yìn, ó fi orí nìkan sílẹ̀ kó dá dúró. Orí tí ìwọ ń wa mọ́tò gbà.

Bí ó bá jẹ́ ti àárín ìgboro lo fẹ́, Akinbode Akinbiyi wà níbẹ̀, tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946, tó fi Berlin ṣe ibùgbé, tó sì ti ń fi ẹsẹ̀ rin Èkó láti ọjọ́ pípẹ́. Rolleiflex ló ń lò. Igbá àyà ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà yẹn sí, wọ́n á tẹrí ba wo inú rẹ̀ láti òkè, bí ọmọ tó ń kí àgbà láàárọ̀. Fírémù méjìlá péré ló wà nínú fíìmù rẹ̀. Ẹni tó ní méjìlá kì í fi fíìmù ṣòfò. Ìwọ gbé tìrẹ sójú, o nà án sí ènìyàn, ó wá ń yà ọ́ lẹ́nu pé wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ bojú.

Níwọ̀n bí o ti ní o kò ní fi yíya fọ́tò méjì pọ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ tí mo rán ọ rèé. Kọjá Mile 12, lọ sí Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, ní ìhà ibi tí Odò Ògùn ti ń ṣàn. Nígbà tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán, odò á kún bo àdúgbò yẹn, bí ó ṣe ṣe ní October 2010 tí àwọn ènìyàn ń fi ọkọ̀ ojú omi wọlé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni ojú ọ̀nà kan náà, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí onílé mọ̀ ọ́, kí o sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún un, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àlejò máa fi omi inú yàrá òun ṣe ọnà. Kí o tó ti kámẹ́rà, fi bírò sàmì sára fíìmù níbi tó ti kọ́ eyín. Yà á tán, ká a padà, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ìrù rẹ̀ wọ inú agolo tán. Kọ ojúlé àti nọ́ńbà fírémù sínú ìwé, kí o wá tọ́jú fíìmù náà sínú fíríìjì. Nígbà tí omi bá dé, tún fíìmù náà kì sínú kámẹ́rà lórí àmì tí o fi bírò ṣe, padà lọ dúró sójú ibi tí o dúró sí. Má gbé lẹ́ńsì sókè, ẹnu ọ̀nà ilé tó ṣókùnkùn ni kí o dojú kọ. Ilẹ̀kùn kan náà, ní gbígbẹ àti nínú omi, lórí fírémù kan: ìbejì gidi nìyẹn, màá sì fi tèmi kọ́ sára ògiri.

Ní ti ìyá aláta, kò tíì rí fọ́tò lórí pépà. Fi fíìmù tí kò sí mọ́tò nínú rẹ̀ yà á, tẹ̀ ẹ́ jáde, mú un lọ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa ka lẹ́tà yìí, bí ẹ bá ní fọ́tò àtijọ́ nílé níbi tí ọmọ kan ti jókòó ti ara rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú àpótí kí ikán tó dé ibẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ ọmọ, orúkọ onífọ́tò àti ọdún, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, bírò a máa tàn dé iwájú.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ní Kétu.