Ẹ Má Fi Ọ̀dà Ṣòfò Lórí Títì Abuja Mọ́

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí àwọn aláṣẹ Abuja: ẹ dákun, ẹ jáwọ́ nínú fífi ọ̀dà funfun fa ìlà sójú títì. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó ẹrù kúrò l'Ékòó wá síbí ni wọ́n ti ń fà á, tí wọ́n ń tún un fà. Ká ní wọ́n ti kó ọ̀dà náà lọ sí Kwali àti Abaji lẹ́yìn ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, bóyá gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ibẹ̀ ì bá ti funfun. Lójú pópó Kubwa tó fẹ̀ tó ọkọ̀ mẹ́wàá, awakọ̀ a gbé ìlà sáàárín táyà ọ̀tún àti tòsì bí ẹni gẹṣin, a sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ láti Dutse Alhaji dé Berger. Ìlà òsì pátápátá, tó yẹ kó wà fún ẹni tó fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú sílẹ̀, ẹni tó ń sá ogójì kìlómítà ní wákàtí kan ló fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, tòun ti fóònù létí. Ẹni tó ń kánjú ló ń gba ọwọ́ ọ̀tún kọjá.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé àìmọ̀ ló ń dà wá láàmú, pé ẹni tó ra láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ alágbàtà kò lè mọ òfin. N kò gbà. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà pa apá òsì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé wa lọ́wọ́ tì, gbogbo ọkọ̀ sì bọ́ sápá ọ̀tún. Awakọ̀ lọ́rì tí kò mọ̀wé rárá, tó ti ń gba òsì láti kékeré, bá wọn yí padà. Orílẹ̀-èdè tó kọ́ ìyẹn ò lè sọ pé ìlà funfun ló ṣòro láti mọ̀. Ẹ tún wo awakọ̀ òde òní bó bá súnmọ́ ibi tí sójà dúró sí lẹ́bàá bárékè: iná gíga á wálẹ̀, iná inú ọkọ̀ á tàn, ọwọ́ á kúrò lórí hóònù, á sì tò tẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbogbo òfin tó ti gbàgbé láti Nyanya lẹ́yìn ìlú á padà sí i lórí.

Òfin mìíràn ni awakọ̀ Abuja ń tẹ̀ lé, ó sì ń tẹ̀ lé e délẹ̀délẹ̀: òfin "ta ni ẹ́?" Ìlú tí ipò ti ń di ilé, tó ń di ilẹ̀, tó ń di owó, báwo ni títì rẹ̀ yóò ṣe wà láìsí ipò? Ìlà òsì jẹ́ ti ọlọ́lá tó ní síréènì. Èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti jíìpù dúdú tó fi aṣọ bo nọ́ńbà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ mọ̀. Ẹ̀yìn kọ́ńfọ́ì ni àwọn tó gbọ́n jù lọ máa ń wà: wọn kì í ṣe mínísítà, wọn kò mọ mínísítà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tan iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì jọ ń rúfin lọ. Ní ti ẹni tó kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, tó ń gba wanwéè lọ́sàn-án gangan, ńṣe ló fi ara rẹ̀ joyè.

Wọ́n á ní ẹ̀ṣọ́ ni kò tó. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká kọ́kọ́ ṣe alága rẹ̀ lọ́dún 1988 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́; ó tiẹ̀ ti kéde rí pé òun yóò máa mú arúfin lọ fún àyẹ̀wò ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ arúfin Abuja pé ju ti dókítà tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ. Ní ti àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, lóṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni Adájọ́ Evelyn Maha ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dájọ́ pé wọn kò láṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, láti gba ọkọ̀, tàbí láti bu owó ìtanràn fún awakọ̀. Àwọn kan gbọ́ ọ bí ẹni pé ilé ẹjọ́ ti pa iná pupa rẹ́. Agbára òṣìṣẹ́ ni adájọ́ ń sọ, kò fọwọ́ sí i pé kí ẹnikẹ́ni rúfin ìrìnnà.

Àtakò kan ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: pé ààbò àwọn olórí ṣe pàtàkì, wọn kò lè há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo gbà fún ààrẹ. Mo gbà fún ọkọ̀ tó gbé aláìsàn àti ti panápaná. Ṣùgbọ́n igbákejì akọ̀wé ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin, ta ló ń lé e? Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kan lẹ́yìn òmíràn ti fòfin de síréènì tí kò tọ́ àti nọ́ńbà bíbò. Ìkéde náà á gbóná, á tutù, síréènì á sì padà. Gbogbo àsìkò yẹn ni awakọ̀ Golf tó wà ní ìlà ọ̀tún ń wò wọ́n, tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ kan bá wà l'Abuja tí kì í gbowó, kọ́ńfọ́ì ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin Road Safety, ẹ fi awakọ̀ Nyanya sílẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ gbé ìwé ìtanràn yín lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin, ẹ dá jíìpù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bo nọ́ńbà dúró, kí ẹ sì kọ ọ́ fún wọn lójú gbogbo ayé. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ má dá ẹlòmíràn dúró.