Aṣọ́wó-ọbẹ̀ ní Mile 12

Nínú onírúurú ènìyàn tí ń rọ́ wọ ọjà Mile 12 ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti orí alárobọ̀ tí ó ti kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ, títí dé orí alásè tí ìnáwó ọ̀sán ń dúró dè, kò sí ẹni tí wíwò rẹ̀ ń dùn mọ́ mi tó ọkùnrin kan báyìí, ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, tí ó wọ ṣòkòtò péńpé, tí ó dé fìlà tí báǹkì kan fi ta á lọ́rẹ, tí ó wọ bàtà funfun tí kò tíì fojú kan ẹrẹ̀ rí, tí ó mú ìwé pélébé dání lọ́wọ́ òsì àti bírò lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ojú rẹ̀ sì le koko bí ojú ẹni tí ìjọba rán wá yẹ ìwé ìṣirò wò. Aṣọ́wó-ọbẹ̀ ni mo sọ ọ́. Baálé ilé ni, ó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ó sì ní àga tirẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má pè é ní ahun o, nítorí bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń ṣòkú, òun ni yóò kọ́kọ́ ra aṣọ ẹbí, òun ni yóò sì máa lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àrùn tí ń ṣe é kò ju ẹyọ kan lọ: ó dá a lójú gbangba pé láti ọdún gbọọrọ tí òun ti ń ka owó ọbẹ̀ lé ìyàwó òun lọ́wọ́, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kì í dé inú ìkòkò.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyàwó ilé kì í sè é. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa ohun tí ìyàwó ilé yóò ṣe nígbà tí baálé bá fẹ́ jẹ ọbẹ̀ ọdún yìí ní owó ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ní 2016, nígbà tí kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta bo oko tòmátì ní ilẹ̀ Hausa, tí ó jẹ ewé tí ó jẹ èso, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde ní oṣù Karùn-ún pé ọ̀rọ̀ náà ti di pàjáwìrì, Aṣọ́wó-ọbẹ̀ gbọ́ ìròyìn náà ketekete nínú rédíò ọkọ̀ rẹ̀, ó mirí, ó sì délé bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé ta ni ó ń kọ́lé fún. Ní 2021, nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn ní oṣù Kejì, tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya fi ìbínú dá ọkọ̀ wọn dúró, tí àlùbọ́sà sì di ohun tí a ń forí balẹ̀ kí a tó rí ní Èkó, ó ka gbogbo rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lé e lórí pẹ̀lú ẹ̀rí, kò sì rántí pé àlùbọ́sà wà nínú ìkòkò ilé tirẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ tuntun ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí owó ọkọ̀ akẹ́rù láti Kánò dé Èkó sì fò sókè, òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fowó lé iye tí wọ́n ń gbà níbi iṣẹ́, nítorí epo ti wọ́n. Ṣùgbọ́n owó ọbẹ̀ dúró gbọin-gbọin níbi tí ó wà. Bí ìyàwó bá wí, èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀: "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé epo mọ́tò lo fi ń sebẹ̀ ni?"

Ìgbà tí àríyànjiyàn náà kò tán mọ́ ni ó búra pé òun yóò lọ sí Mile 12 fúnra òun, kí òun fi ojú òun rí i, kí òun fi owó òun rà á, kí òun sì ti inú ìwé òun wá dá ẹjọ́ náà.

Mile 12, ará ilé Kétu àti Ìkòsì, ọjà tí kì í sùn, ibùjókòó Ajé ògúgúlùsọ̀, a-gba-tòmátì-Kánò-gba-iṣu-Bẹ́núè, a-gba-àlùbọ́sà-Sókótó-gba-pòtétò-Jos, ohun tí wọ́n ń sọ nípa Oyíngbò láyé àtijọ́, pé kò mọ̀ bí ẹnìkan kò wá, ìwọ ló tọ́ sí lóde òní! Òru ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń wọlé. Bí ó bá ti ń di aago márùn-ún ìdájí, àwọn obìnrin tí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ti wà láàárín apẹ̀rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi mọ́ tán, ọjà tí ó dára jù ti gun ọmọlanke, ó ti wọ ọkọ̀, ó ń lọ sí Mushin, ó ń lọ sí Agége, ó ń lọ sí Ìkòròdú. Aago mẹ́sàn-án kọjá kí Aṣọ́wó-ọbẹ̀ tó dé, nítorí ó kọ́kọ́ mu tíì. Ọkọ̀ BRT, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 lọ sí CMS ní 2008, tí wọ́n sì fà dé Ìkòròdú ní 2015, ìbá gbé e wá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá ra ọjà tí yóò fi pa ìyàwó lẹ́nu mọ́, ọkọ̀ ara rẹ̀ ni yóò gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa apẹ̀rẹ̀ tòmátì, nítorí òun ni olórí ọ̀rọ̀. Àwọn tòmátì tí ó le, tí awọ wọn ń dán, ni wọ́n tò sókè, tí wọ́n kọjú sí oòrùn. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ru ẹrù àwọn ará òkè láti Kánò wá, ọ̀nà tí ó tó 1,000 kìlómítà, nínú kòtò àti gegele, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti juwọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́. Obìnrin tí ó mọ ọjà kì í wo òkè. Ilẹ̀ abẹ́ apẹ̀rẹ̀ ni yóò wò, bóyá ó tutù, bóyá eṣinṣin ń ṣèpàdé níbẹ̀. Yóò tẹ ìdí apẹ̀rẹ̀, yóò gbé e sókè díẹ̀ láti mọ bí ó ti wúwo, nítorí tòmátì tí ó ti domi ti ń jò dànù lójú ọ̀nà. Aṣọ́wó-ọbẹ̀ wo òkè. Ó mú ẹyọ kan, ó fi imú gbóòórùn rẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé.

"Èló lẹ̀ ń tà á?"

"Àlàájì, ẹ káàárọ̀ o," ni ọmọkùnrin Hausa tí ó ni ọjà wí, ẹni tí Yorùbá rẹ̀ já geere ju ti àwọn ọmọ Aṣọ́wó-ọbẹ̀ lọ. Ó sì dá owó lé e. Aṣọ́wó-ọbẹ̀ pín owó náà sí méjì, ó yọ kúrò nínú ìdajì, ó sì dúró gìdìgbà de ìjà. Ìjà kò dé. Ọmọkùnrin náà kọjú sí ọ̀run, ó kẹ́dùn ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, ó ní kí ó mú un lọ, nítorí ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni rere. Ẹni tí ó mọ ọjà ìbá ti sá lójú ẹsẹ̀, torí pé ọjà tí ẹni tó ni ín kò jà lé lórí, ó ní ohun tí ó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ìyá aláta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tí àánú ṣe. "Dádì," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ ní kó tú u sílẹ̀ kí ẹ wò ó ná. Tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ ká pín in, èmi àti àwọn aunty méjì yìí. Ìdá kan nínú mẹ́rin á tó yín jẹ nílé." Aṣọ́wó-ọbẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ti gbọ́ nípa irú wọn: àwọn àti ọlọ́jà ni wọ́n jọ ń ṣe é. "Ẹ ṣeun, Mà. Mo mọ ohun tí mò ń rà." Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà.

Bẹ́ẹ̀ pípín tí ó kọ̀ yìí gan-an ni ọgbọ́n tí ń bọ́ ìdajì Èkó. Obìnrin mẹ́rin tí wọn kò mọ orúkọ ara wọn yóò dáwó jọ, wọn yóò tú apẹ̀rẹ̀ kan sórí ọ̀rá, wọn yóò fi abọ́ rọ́bà kan náà wọ̀n ọ́n yíká, wọn yóò ṣa ẹ̀ṣà sọ́tọ̀, wọn yóò sì pín àdánù bí wọ́n ti pín èrè, kí olúkúlùkù tó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ìyàwó Aṣọ́wó-ọbẹ̀ pàápàá ní oníbàárà kan níbẹ̀ tí ó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àkọ́bí wọn wà lẹ́yìn. Onítọ̀hún ni yóò pè é lórí fóònù pé kí ó má wulẹ̀ jáde lónìí, ọkọ̀ kò wọlé, ọjà gbóná. Onítọ̀hún ni yóò ta àwìn fún un ní ọ̀sẹ̀ tí Aṣọ́wó-ọbẹ̀ bá ní owó oṣù kò tíì jáde, tí yóò sì tún bu ata lé e ní ènì. Kò sí ìlà tí a lè kọ irú nǹkan báwọ̀nyí sí nínú ìwé pélébé. Èmi rò ó títí, mo sì gbà pé kò sí ẹni tí ọjà wọ́n fún ní Mile 12 tó ẹni tí ó bá ìgbàgbọ́ wọ ibẹ̀ pé olè ni gbogbo ayé, nítorí kò ní rí ẹnikẹ́ni tí yóò gba òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ti Aṣọ́wó-ọbẹ̀ tilẹ̀ tún burú sí i, nítorí ó tún ní ìwé.

Ti ata rodo kò gba àlàyé púpọ̀. Ó fọ́ ẹyọ kan láti mọ̀ bóyá ó ta, ó gbàgbé, ó sì fi ọwọ́ náà nu òógùn ojú. Ìyá aláta ọ̀hún náà ló bomi ṣan ojú fún un, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun rí ènì gbà.

Nígbà tí ó kan ẹrù gbígbé, alábàárù kan, ọmọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ ki ju itan ẹlòmíràn lọ, dárúkọ iye tí yóò gbà dé ìdí ọkọ̀. Aṣọ́wó-ọbẹ̀ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Ó ká apá aṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá apẹ̀rẹ̀ mọ́ àyà. Omi tòmátì rọ́nà. Ó ti ìdí apẹ̀rẹ̀ gba orí ikùn, ó wọ inú ṣòkòtò péńpé, ó sì parí ìrìn àjò rẹ̀ sínú bàtà funfun, nígbà tí àwọn ọlọ́mọlanke ń ké "Àgò! Àgò o!" tí wọ́n sì ń tì í ka inú ẹrẹ̀. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ó fi sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ tí ó pe alábàárù. Ṣùgbọ́n iye àkọ́kọ́ kọ́ ni ọmọ náà ń pè mọ́, nítorí ó ti ń tẹ̀ lé e bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ní ìdí ọkọ̀, ọ̀dọ́ méjì ti dúró, ọ̀kan ní òun ló ṣọ́ ọkọ̀, èkejì ní òun ló ni ilẹ̀ tí wọ́n gbé e sí. Ó san fún àwọn méjèèjì. Kò kọ èyí sínú ìwé, nítorí, bí ó ti là á yé ara rẹ̀, kì í ṣe owó ọbẹ̀.

Nílé, wọ́n tú apẹ̀rẹ̀ sínú ọpọ́n ńlá mẹ́ta. Ọpọ́n kìn-ín-ní dára. Ọpọ́n kejì jẹ́ ẹ̀ṣà, tí ó gbọ́dọ̀ dé orí iná kí ilẹ̀ tó ṣú, torí pé kò síná, fíríìjì kò ṣiṣẹ́. Ọpọ́n kẹta kò lórúkọ. Ìyàwó rẹ̀ wo ọpọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò fọhùn. Ó wé ìró mọ́ra, ó pe àwọn ọmọ jọ, ó ní kí ọ̀kan sáré gbé ẹ̀ṣà lọ sọ́dọ̀ alọta. Bàbá jókòó lórí àga, ojú rẹ̀ kan ṣì pọ́n, ó ń ṣe ìṣirò. Owó apẹ̀rẹ̀ nìkan ṣoṣo ni ó mú, ó pín in káàkiri gbogbo tòmátì inú ọpọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, títí kan èyí tí kò lórúkọ, ó sì rí i kedere lórí ìwé pé láti ọjọ́ yìí wá ni wọ́n ti ń rẹ́ òun jẹ.

"Ìyá àwọn ọmọ, o wá rí i báyìí?"

"Mo rí i, Dádì," ni ìyàwó wí, tí ó ń ro ata lórí iná. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ní ọjọ́ kejì, níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin lẹ́yìn ìsìn, ó dìde, ó sì ròyìn bí òun ti ná ọmọ Hausa dé abẹ́ ìdajì, àti bí aláta ti fún òun ní ènì láìbéèrè. Kò dárúkọ bàtà. Àwọn baálé gbọ́, wọ́n mirí, nítorí ohun tí olúkúlùkù ti ń fura sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú àwọn dání ní Àbámẹ́ta tí ń bọ̀. Ọ̀kan tilẹ̀ ti ra ìwé tirẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí ọkọ̀ kan, kí ìnáwó lè dín kù, àti apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, ti olúkúlùkù lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ ẹnìkejì jẹ. Akọ̀wé béèrè aago tí wọn yóò gbéra.

"Aago mẹ́sàn-án," ni Aṣọ́wó-ọbẹ̀ wí, "lẹ́yìn tíì."