Àìráyè, Ajíṣáré Ọba Sángò-Ọ̀tà

Àìráyè o! Àìráyè ọmọ Ìkánjú!
Ajíṣáré, a-jí-ní-kùtù-má-kúnlẹ̀!
Ọba tí kò ní ààfin, tó ń jọba nílé gbogbo!
Ọba tí kò ní agogo, tó ń jí gbogbo ìlú!
Ọ̀tà Àwórì, ìlú Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìlú tó mọ bí a ṣe ń kí ẹni ńlá, ló ní kí n wá kí ọ. Mo dé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Má wulẹ̀ dá mi lóhùn, mo mọ̀ pé o kò ráyè.

Mo kí ọ láti Tóògéètì dé Jójú, láti Ìjọ̀kọ̀ dé Ìyànà Ìyẹsí, títí dé Àtàn. Láti 2004 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí wọ́n yéé gba owó ibodè lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Gbogbo oníbodè ló kó ẹrù wọn lọ. Ìwọ nìkan lo kù. O kì í gba náírà, wákàtí lò ń gbà: ọ̀kan ní àárọ̀, méjì ní ìrọ̀lẹ́, o kì í sì í fún ẹnikẹ́ni ní ṣéńjì.
Oníbodè tí kì í sùn!
Agbowó-orí tí kì í kọ rìsíìtì!
A-jẹ-àárọ̀-tán-kí-ilẹ̀-tó-mọ́!

Ta ló lè ṣe iṣẹ́ ìdájí bíi tìrẹ? Yàrá kan nìyí lẹ́yìn ọjà Sángò, aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Fóònù dún, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ike nawọ́ sí i láti pa á. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí WhatsApp. Ẹnì kan ti fi fídíò ìjà ránṣẹ́, ẹnì kan ń polówó ìrẹsì, ẹni kẹta gbé àdúrà gígùn kan síbẹ̀. Ọmọ wa tẹ “Àmín” sábẹ́ rẹ̀ láìkà á. Kó tó gbójú sókè, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ gbéra. Bíbélì rẹ̀ wà lórí fìríìjì. Ìwé owó oṣù kìíní ló fi sàmì sí i, ní Jẹ́nẹ́sísì orí karùn-ún. Oṣù kẹwàá la wà yìí. Nínú orí yẹn ni Mètúsẹ́là ti lo ọdún 969. Síbẹ̀, Mètúsẹ́là kú, ó kúrò níbẹ̀. Ọmọ wa ṣì wà níbẹ̀ digbí.
Olùṣọ́ ojú-ewé!
A-fi-orí-kan-ṣọdún!
Ìwọ lo kọ́ wa ní àdúrà tó kúrú jù lọ láyé, “Olúwa, o ti mọ gbogbo rẹ̀,” tí a máa ń gbà kí kọ̀ńdọ́ tó parí “Ẹ mú owó yín dání o!”

Ohun tó ń dùn mí ni pé o kò tètè dé ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ kú sí i lọ́wọ́. Níbi tó ti ń dù ú kó lè tún un ṣe ló ti gbọ́ ohùn tó pè é. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Nígbà tó fi di 1930, èrò ń wọ́ bí omi lọ gbọ́ ìwàásù rẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà. Àìráyè, ká ní o ti wà nítòsí! Fóònù ì bá dún lápò rẹ̀. Ọ̀gá ì bá béèrè ibi tí iṣẹ́ dé. Mẹkáníìkì ì bá fi okùn wáyà so ó, ẹ̀rọ ì bá jí, ohùn náà ì bá pè é títí kó sú u. Ọ̀nà Àkúrẹ́ ì bá sì tètè parí.

Dáníẹ́lì náà kò mọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ń ṣe olórí gómìnà 120 ni, ó sì ń kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ibi tó bá a dé nìyẹn, ihò kìnnìún! Ẹni tó bá ń sìn ọ́, ta ló máa rí ẹ̀sùn àdúrà kà sí i lọ́rùn?
Apata wa lọ́wọ́ kìnnìún!
Aláàbò tí kì í jẹ́ kí wọ́n bá wa lórí eékún!

Ní 1999, wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì Faith Tabernacle sí mímọ́ lójú ọ̀nà Ìdírókò, àga 50,000. Àwọn aláìmọ̀kan ní ó ti parí fún ọ. O rẹ́rìn-ín. Àga ni wọ́n kà, wọn ò ka àpò. Ibi tí a bá jókòó sí, ní kàtídírà tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì onípáánù, àpò wa ni ìtẹ́ rẹ. Bí ìwàásù bá ti dé ibi tó kan ni gan-an, ìwọ lo máa ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú fóònù lórí itan wa.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ tó ga jù ni èyí: o wọ aṣọ akọrin. Mọ́ńdè, ìgbìmọ̀ ìkórè. Túsìdeè, ìdánrawò orin. Wẹ́sìdeè, ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí ìwọ ń to àga, tí ò ń yẹ maikirofóònù wò títí ẹ̀kọ́ fi parí. Wọ́n ní ká gbàdúrà. Ìyá Ìjọ di ojú kan, ó fi èkejì wo orúkọ àwọn tí kò tí ì san owó aṣọ ẹbí. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Mà! Màtá ará Bẹ́tánì ni ìyá ńlá yín. Màríà jókòó, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ Jésù; ta ló jẹ ọbẹ̀ Màríà rí?

Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oyè rẹ fún Ebi. Ebi ló ni iṣẹ́ wákàtí 12 nídìí ẹ̀rọ tó ń gbóná, a kò bá a jà sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsinmi tí a fi wo bọ́ọ̀lù Arsenal, tí a tún fi wo àlàyé bọ́ọ̀lù náà, tí a wá fi alẹ́ jiyàn lé e lórí, tìrẹ nìyẹn, Kábíyèsí. Alẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́fà dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní, “Dádì, ṣé a ò ní gbàdúrà lónìí ni?” tí a ní kó lọ sùn, tìrẹ ni.

Gba oyè rẹ. Láti aago mẹ́rin ìdájí títí di mọ́kànlá alẹ́, ìwọ la fún. Bí oorun bá ṣẹ́ ohunkóhun kù, ti Ọlọ́run ni.