Wíìgì Ta Lẹ Ń Fà?

*Àǹtí, ọkọ mi kì í jẹ́ ká gbádùn fíìmù. Bí òṣèré bá ti yọjú, á dá a dúró, á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n: "Wíìgì ni! Ẹ ò rí gọ́ọ̀mù níwájú orí?" Alẹ́ tí a wo Jagun Jagun, ogun jà títí ó parí, kò mọ ẹni tó ṣẹ́gun. – Ìyàwó Ọlọ́pàá Irun, Ìkòròdú*

Ìyàwó ọlọ́pàá, ẹ kú ìfaradà. Ọkọ yín ò kúkú purọ́. Ẹni tó gé irun mọ́lẹ̀ lánàá lè di olorì ayé àtijọ́ lónìí. Ta ni yóò dúró kí irun hù tó ohun tí wọ́n ń dì ní ṣùkú? Oòrùn ló ń tú àṣírí wọn. Òógùn á dé, àwọ̀n iwájú orí á ká sókè, irùngbọ̀n babaláwo á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn ń dùn mọ́ kì í rí gọ́ọ̀mù. Ẹ rántí àwọn aláwàdà wa àtijọ́: Bàbá Sàlá á gbé awò ojú gbàǹgbà àti táì ràgàjì jáde. Bàbá Sùwé, tí wọ́n sin sí Ìkòròdú yín níbẹ̀ lọ́dún 2021, á kun ojú dúdú kirikiri. Ẹ̀rín la rín, a ò bi wọ́n léèrè ọ̀dà. Àwọn ọmọ Ikorodu Bois fi ohun èlò inú ilé sín ìpolówó fíìmù Extraction jẹ lọ́dún 2020, àwọn tó ni fíìmù sì fìwé pè wọ́n síbi ìfihàn apá kejì.

Oògùn ọkọ yín rèé. Bó bá tún dá fíìmù dúró, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí irùngbọ̀n tiẹ̀. Ibi tí dáì parí sí tí ewú ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fìka tọ́ ọ, kí ẹ pariwo: "Ayédèrú ni!" Bí àwọn àna yín bá wà nílé lọ́jọ́ náà, ó tún dára jù.

*Àǹtí, ẹja ni mò ń tà ní ọjà Olúwo. Mo ra wíìgì kan bíi ti òṣèré, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ṣí i lórí mi níṣojú oníbàárà. Ó ní bí irun mi bá jẹ́ ayédèrú, ta ló mọ ọjọ́ tí ẹja mi ti kú? – Orí Ṣófo, Ẹ̀pẹ́*

Orí Ṣófo, ẹ má bá a jà. Ẹ gbé wíìgì náà lé ọ̀bọ̀kún tó tóbi jù lórí tábìlì. Ó kúkú ti ní irùngbọ̀n tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, irun orí ló kù. Bí oníbàárà bá rẹ́rìn-ín, ẹ fi owó lé ẹja náà: ó ti di òṣèré.